Pípàgọ́ Létí Odò Inú Àfonífojì Àpáta Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Bí mo bá dé etí odò nínú àfonífojì, n kì í kọ́kọ́ pàgọ́. Òkúta kan ni mo máa ń wá, èyí tó funfun tàbí tó yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, màá gbé e sí ibi tí omi mọ gẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà ni màá tó sọ ẹrù kalẹ̀. Tó bá di wákàtí kan sí i, màá padà lọ wò ó. Bí omi bá ti bo ìdajì òkúta náà, odò ń kún nìyẹn, ì báà jẹ́ pé ojú ọ̀run mọ́ roro.

Àfonífojì tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni irú èyí tí odò fúnra rẹ̀ gbẹ́ sínú àpáta láti àìmọye ọdún, tí ògiri òkúta ga fíofío lọ́tùn-ún lósì, tí ilẹ̀ tó wà lókè sì gbẹ táútáú nígbà ooru. Níbẹ̀, omi ló ń pinnu gbogbo nǹkan: wákàtí tẹ́ ẹ máa rìn, ibi tẹ́ ẹ máa sùn, ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà sá. Omi mímu tí kò ní tó ni gbogbo èèyàn ń rò, kò sì burú. Èyí tó pọ̀ lápọ̀jù ni wọn kì í rántí. Ilẹ̀ tí oòrùn ti yan kì í tètè fa omi mu. Òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ á gba ojú àpáta ṣàn lọ sínú kòtò, kòtò á dà á sínú ọ̀nà tóóró, omi tí kò ju kókósẹ̀ lọ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ sì lè ga ju èèyàn lọ níbi tí ògiri méjèèjì ti sún mọ́ra. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, èèyàn 11 ni àgbàrá gbé lọ ní Antelope Canyon, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà. Òjò tó pa wọ́n kò rọ̀ lé wọn lórí. Òkè ọ̀nà jíjìn ló ti rọ̀.

Àwọn àgbà ní àgbàrá ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Bí onílé ṣe máa kọ̀ fún un ni mo fẹ́ sọ níbí.

Kẹ́ ẹ tó gbéra

Àkókò lẹ máa kọ́kọ́ yàn. Àwọn àfonífojì kan wà tí wọn kì í jẹ́ kéèyàn wọ̀ rárá nígbà ooru. Ní Nàmíbíà, láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án nìkan, ìyẹn ìgbà tí ooru ti rọlẹ̀ lọ́hùn-ún, ni wọ́n ń gba èèyàn láyè láti rin ìsàlẹ̀ Fish River Canyon já. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á tì í pa nítorí ooru àti àgbàrá. Bí ibi tẹ́ ẹ ń lọ kò bá ní irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe é fún ara yín: ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí ìgbà ooru sàn ju àárín rẹ̀ lọ.

Ẹ wá ṣí máàpù. Ẹ fi ìka tọ odò náà lọ sókè títí dé àwọn òkè tó ti ń ṣàn wá, kẹ́ ẹ kọ orúkọ àwọn ìlú tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Ojú ọjọ́ àwọn ìlú yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò láràárọ̀, ó kéré tán láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìrìn àjò. Tó bá jẹ́ ti ibi tẹ́ ẹ máa sùn nìkan lẹ wò, ẹ ò tíì wo nǹkan kan. Bí wọ́n bá ní àrá á sán lókè odò, ẹ sún ọjọ́ náà síwájú.

Ẹ béèrè bóyá dáàmù wà lókè. Ọ̀rọ̀ dáàmù yàtọ̀ sí ti òjò, torí kò sí ìkùukùu tó máa kìlọ̀ fún yín. Odò Verdon ní ilẹ̀ Faransé jẹ́ àpẹẹrẹ: dáàmù tí wọ́n fi ń pèsè iná mànàmáná wà lórí rẹ̀, bí wọ́n bá sì tú omi sílẹ̀, odò lè ga lójijì lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn ganrínganrín. Àwọn tó ń bójú tó irú odò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kéde wákàtí tí wọ́n fẹ́ tú omi sílẹ̀. Ẹ wá ìkéde náà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, torí fóònù ò ní rí íntánẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀.

Ìwé àṣẹ, bí wọ́n bá ń gbà á, ẹ tètè gbà á. Kẹ́ ẹ sì fi ìwé kékeré kan sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé: ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà sọ̀ kalẹ̀, ibi tẹ́ ẹ gbé mọ́tò sí, ọjọ́ àti wákàtí tẹ́ ẹ máa jáde, àti wákàtí tí kó pariwo sí àwọn olùdóòlà bí kò bá gbúròó yín. Wákàtí tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọ, ẹni tó wà nílé á wá máa rò ó pé “bóyá wọ́n ṣì ń gbádùn ara wọn ni.” Bí agbára yín bá ká a, ẹ mú ẹ̀rọ kékeré tó ń fi sátẹ́láìtì ránṣẹ́ dání. Ògiri àpáta lè dí i lójú díẹ̀, àmọ́ ó sàn ju fóònù tó kú lọ.

Ẹrù

Lítà omi kan, kílò kan ni. Ẹrù mìíràn lè fúyẹ́, omi ò lè fúyẹ́. Síbẹ̀, ẹ mú ohun tó lè gba lítà mẹ́fà dání fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kódà bí odò bá wà nísàlẹ̀, torí odò tẹ́ ẹ rí láti òkè lè jẹ́ èyí tí kò ṣeé mu. Ẹ má kó gbogbo omi sínú kẹ́ẹ̀gì kan. Nígbà kan rí, àpò omi kan ṣoṣo ni mo gbé, ẹ̀gún lu ú, n kò sì mọ̀. Ẹ̀yìn mi kàn ń tutù, mo rò pé òógùn ni, mo tiẹ̀ ń gbádùn ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìgò mẹ́ta mẹ́rin ni mo ń pín in sí.

Ní ti aṣọ, ẹ̀wù òwú fẹ́ẹ́rẹ́ alápá gígùn tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ló dára jù. Níbi òtútù, wọ́n á ní kẹ́ ẹ má wọ òwú torí kì í tètè gbẹ. Níbi ooru gbígbẹ, ohun tá a fẹ́ gan-an nìyẹn: ẹ rì í sínú odò, ẹ wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń gbẹ lára yín lá máa tu yín lára. Akẹtẹ̀ gbígbòòrò, bàtà tí ẹsẹ̀ yín ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, súwẹ́tà kan fún òwúrọ̀ kùtù. Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́rí, àti bátìrì rẹ̀ mìíràn. Fèrè kan lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àga àti tábìlì, ẹ fi sílẹ̀; òkúta ò wọ́n níbẹ̀.

Sísọ̀ kalẹ̀

Ẹni tó ń gun òkè, bó bá ti rẹ̀ ẹ́, á yí padà, ọ̀nà ìsàlẹ̀ á sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Òdìkejì èyí ni ti àfonífojì. Ìrọ̀rùn ló fi ń pàdé èèyàn, ìgbà tí orúnkún bá ti ń gbọ̀n, tí omi ti dín, tí oòrùn ti ga, ló ń ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé òkè kalẹ̀ níwájú ẹ̀. Bí ìsọ̀kalẹ̀ bá gbà yín ní wákàtí méjì, ẹ fi mẹ́rin sílẹ̀ fún ìgòkè.

Ìsàlẹ̀ sì gbóná ju òkè lọ. Ní Grand Canyon ní Amẹ́ríkà, níbi tí odò Colorado ti gbẹ́ ilẹ̀ wọ inú tó nǹkan bí 1,600 mítà, ìsàlẹ̀ máa ń fi ohun tó ju 10°C lọ gbóná ju etí òkè. Ẹni tó bá fi afẹ́fẹ́ etí òkè díwọ̀n ohun tó ń lọ bá ti tan ara ẹ̀. Àwọn alábòójútó ibẹ̀ máa ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má rìn nínú oòrùn láàárín agogo 10 òwúrọ̀ sí agogo 4 ìrọ̀lẹ́ nígbà ooru. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni kẹ́ ẹ gbéra, kẹ́ ẹ ti wà lábẹ́ ibòji létí odò kó tó di agogo 10.

Ibi tí àgọ́ máa wà

Ẹ má kánjú níbí. N máa ń lo ìdajì wákàtí, nígbà míì ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tá a jọ ń lọ á sì máa kùn.

Ohun àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ gbójú sókè. Ẹ wo ara ògiri àpáta: ìlà kan sábà máa ń wà tí àwọ̀ òkúta ti yí padà, ìsàlẹ̀ á mọ́, òkè á dúdú. Omi ti dé ibẹ̀ rí. Ẹ wo ẹ̀ka igi: koríko gbígbẹ tó wé mọ́ ọn bí òṣùká, ọ̀rá, pàǹtírí. Bẹ́ ẹ bá rí ìtì igi tó há sáàárín òkúta méjì ní gíga tó ju orí yín lọ, kò sẹ́ni tó gbé e gun ibẹ̀. Odò ló gbé e. Ẹ sùn sókè àmì wọ̀nyí, àbí kẹ́ ẹ wá ibòmíràn. Amọ̀ tó ti gbẹ tó sì ti sán wẹ́wẹ́ lórí ilẹ̀ tún jẹ́ àmì pé omi dúró níbẹ̀ láìpẹ́ yìí, bó ti wù kó tẹ́jú tó, kó sì fani mọ́ra tó.

Ẹ kíyè sí ẹnu àwọn kòtò kéékèèké tó já sínú odò láti ẹ̀gbẹ́. Iyanrìn wọn máa ń rọ̀, ó máa ń dà bíi pé wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún àgọ́. Ọ̀nà omi ni. Bí òkúta ńlá àti kékeré bá dà jáde níbẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ṣí sílẹ̀, àgbàrá ló kó wọn wá, á sì tún padà wá kó òmíràn.

Bẹ́ ẹ ṣe ń sá fún omi, ẹ má lọ fi ẹ̀yìn ti ògiri pátápátá. Òkúta máa ń já lulẹ̀, pàápàá nígbà tí ìjì bá jà tàbí tí ẹranko bá kọjá lókè. Ẹ wo àwọn tó wà nílẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já máa ń ní etí mímú, ojú ibi tó ti ya á sì mọ́ ju ara ògiri yòókù lọ. Bí irú rẹ̀ bá pọ̀ nílẹ̀, ẹ sún síwájú.

Ọ̀rọ̀ ibòji wá kù. Ìrọ̀lẹ́ ni ooru ń pa èèyàn jù níbẹ̀, torí àpáta ti mu oòrùn láti àárọ̀. Bí odò náà bá ń ṣàn láti àríwá lọ sí gúúsù tàbí láti gúúsù lọ sí àríwá, ẹ pàgọ́ sí bèbè tó wà níhà ìwọ̀ oòrùn: oòrùn á tètè wọ̀ sẹ́yìn ògiri yẹn, ibòji á bò yín kó tó di alẹ́. Òdìkejì á fún yín ní ibòji òwúrọ̀, á sì yan yín títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi ò lè fara da ìyẹn.

Níbi tí àyè bá wà, ẹ jìnnà sí omi tó 60 mítà. Ààbò wà nínú rẹ̀, àwọn ẹranko tó ń wá mumi lóru náà á sì ráyè kọjá. Bí àfonífojì bá há débi pé 60 mítà kò sí, ẹ gun ibi tó ga jù lára iyanrìn náà. Ẹ yan ibi tí èèyàn ti pàgọ́ sí rí ju kẹ́ ẹ lọ tẹ koríko tuntun mọ́lẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó so okùn kankan, ẹ wá ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà gun òkè bí omi bá dé. Ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀kan lójú mọmọ, ẹ ka iye ìṣísẹ̀ yín, ẹ kó òkúta kéékèèké jọ síbi tó bá yà. Kí ọmọdé tó bá wà pẹ̀lú yín náà rìn ín. Bí kò bá sí ọ̀nà àbágùn, ibùdó kọ́ nìyẹn.

Àgọ́ lórí iyanrìn

Èèkàn kì í dúró nínú iyanrìn gbígbẹ. Ẹ lè fi òkúta gbá a wọlé, ẹ̀fúùfù àkọ́kọ́ á fà á jáde bí ẹni fa irun nínú ìkòkò. Ẹ mú àpò aṣọ kékeré bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ dání láti ilé, tí ìkọ̀ọ̀kan tó ìgò omi. Ẹ rọ iyanrìn kún un, ẹ so okùn àgọ́ mọ́ àárín rẹ̀, kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wọlé tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kẹ́ ẹ tẹ́ àpò náà sí ìbú, kó máà kọ ojú sí ibi tí okùn ń fà sí. Ẹ bò ó, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ da omi odò díẹ̀ lé e. Ẹ wá fa okùn náà wò. Àgọ́ á kọ́kọ́ ya kí àpò yẹn tó yọ.

Lórí àpáta, ẹ so okùn mọ́ òkúta kékeré kan, ẹ gbé ńlá lé okùn náà níwájú rẹ̀. Ńlá ló ń ṣe iṣẹ́, kékeré kàn ń ká a lọ́wọ́ kò ni.

Afẹ́fẹ́ àfonífojì ní àkókò tirẹ̀. Lọ́sàn-án, bí oòrùn ti ń mú ilẹ̀ gbóná, á máa fẹ́ gòkè odò. Tó bá di alẹ́, afẹ́fẹ́ tútù á máa wọ́ bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnu àgọ́ kọ ojú sí ẹ̀gbẹ́, kó má kọjú sí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Bí kò bá sí ìjì iyanrìn, ẹ tú ìbòrí òde kúrò, kó ku àwọ̀n nìkan. Òkúta tó gbóná lọ́sàn-án máa ń tú ooru sílẹ̀ títí di ààjìn, ẹ máa nílò gbogbo afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ bá rí.

Omi mímu

Odò inú àfonífojì sábà máa ń pọ́n fún ẹrẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti asẹ́ tí wọ́n ń fà bọ inú rẹ̀ tààrà, á dí kẹ́ ẹ tó kún ìgò méjì. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ pọn omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí ìkòkò ńlá, ẹ bò ó, ẹ jẹ́ kó sùn. Ní òwúrọ̀, ẹ rọra fi ife bu ti òkè. Ẹ má gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀ ń retí ìgbọ̀nrìrì kan péré ni.

Bí ìkánjú bá wà, álọ́ọ̀mù, ìyẹn èròjà tí wọ́n fi ń mú kí ẹrẹ̀ inú omi rì sísàlẹ̀, á ràn yín lọ́wọ́. Ẹ fọ́n díẹ̀ sí i, ẹ rò ó kíákíá fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ rọra máa rò ó. Ẹ máa rí i tí ẹrẹ̀ á kọ́kọ́ dì bí ìyẹ́ kéékèèké, tá á wá máa rọra rì lọ sísàlẹ̀. Tó bá tó ìdajì wákàtí, òkè á ti mọ́. Álọ́ọ̀mù kì í pa kòkòrò àìsàn o. Omi tó mọ́ lójú náà la ṣì máa sè: kó hó gùdùgùdù fún ìṣẹ́jú kan, tàbí ìṣẹ́jú mẹ́ta bí ibẹ̀ bá ga ju 2,000 mítà lọ. Asẹ́ tó dára á yọ ọ̀pọ̀ kòkòrò àti aràn, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í mú àwọn fáírọ́ọ̀sì, torí wọ́n kéré jù.

Omi kan wà tí sísè kò lè tún ṣe. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí ọ̀dà aláwọ̀ ewé lójú omi tó dúró, ẹ má mu ún, ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ kí ajá yín lá a. Májèlé inú irú rẹ̀ kì í kú sínú iná. Bákan náà ni kẹ́míkà láti ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà. Níbẹ̀, omi tẹ́ ẹ gbé wá láti òkè nìkan lẹ ní. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìsun tí máàpù fi hàn láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọjá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ náà.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń rìn nínú ooru, ìdajì lítà sí lítà kan ní wákàtí kan ló máa ń tó ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Ẹ má kọjá lítà kan àbọ̀ ní wákàtí. Ẹni tó bá ń da omi lásán sọ́fun láìjẹ ohunkóhun tó ní iyọ̀ lè fọ iyọ̀ ara rẹ̀ nù: orí á máa fọ́ ọ, á máa bì, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ á dàrú, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ á sì máa fún un lómi sí i nítorí wọ́n rò pé òùngbẹ ni. Ẹ máa jẹ nǹkan oníyọ̀ díẹ̀díẹ̀. Fún ẹni tó ti rẹ̀, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú lítà omi mímọ́ kan, kí ohun inú ṣíbí náà máà ga ju etí rẹ̀ lọ, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀sán gangan

Láti agogo 10 sí agogo 4, iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ jókòó. Ẹ tu ẹ̀wù, ẹ rì í sómi, ẹ tún un wọ̀. Ẹ sùn. Ẹni tí kò bá lè jókòó jẹ́ẹ́ fún wákàtí mẹ́fà, kó wá ibòmíràn lọ.

Bí ẹnì kan bá ń làágùn púpọ̀, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí inú ń rìn ín, tí pajápajá ń mú un lẹ́sẹ̀, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ tú bàtà rẹ̀, ẹ wẹ̀ ẹ́ lómi, ẹ máa fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Á bọ̀ sípò. Àmọ́ tó bá ti ń sọ ìsọkúsọ, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tó dákú, tí ara rẹ̀ gbóná girigiri, ì báà máa làágùn tàbí kó gbẹ, ikú ti wà nítòsí. Ẹ má fún un ní nǹkan kan lẹ́nu. Ẹ gbé e sínú omi létí odò níbi tí kò ti ń ṣàn, dé ọrùn, kí èèyàn méjì di orí àti èjìká rẹ̀ mú. Bí odò bá jìnnà, ẹ máa da omi lé e láìdúró, ẹ máa fi akẹtẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ mú ara rẹ̀ tutù ná, kí ẹlòmíràn máa pe ìrànlọ́wọ́.

Iná, àti ohun tí ara ń tú jáde

Sítóòfù gáàsì, lórí àpáta tí kò ní koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́, ló tó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti fòfin de iná igi, wọ́n sì jàre. Ẹ má dáná nínú àgọ́ láé. Èéfín tí kò ní òórùn lè pa yín lójú oorun. Níbi tí wọ́n bá ti gba iná igi láyè, omi lẹ máa fi pa á, ẹ rò ó, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Ẹ má fi iyanrìn bò ó: ẹ̀ṣẹ́ná á wà lábẹ́ ẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ á sì bọ́ sí i.

Fún ìgbọ̀nsẹ̀, 60 mítà sí omi àti sí ọ̀nà, kòtò tó jìn tó 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà, kẹ́ ẹ kó bébà padà sílé. Níbi tí àfonífojì bá há, wọ́n á ní kẹ́ ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde nínú àpò. Ẹ kó o. Lórí odò Colorado nísàlẹ̀ Grand Canyon, inú odò gan-an ni wọ́n ní kéèyàn tọ̀ sí, torí odò náà tóbi, bèbè oníyanrìn kéré, òórùn á sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ẹ má bú mi, òfin wọn ni. Ọṣẹ ni kò gbọ́dọ̀ kan odò, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Wíwọ odò

Omi tó ń sáré, tí kò jìn ju 15 sẹ̀ǹtímítà lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. 30 sẹ̀ǹtímítà lè gbé mọ́tò kékeré. Nítorí náà, bí omi tó ń sáré bá ti ń sún mọ́ orúnkún, ẹ padà. Ẹ tú ìdè àpò ẹ̀yìn yín kẹ́ ẹ tó sọdá, kó lè bọ́ bẹ́ ẹ bá ṣubú. Bí omi bá gbé yín, ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lójú omi, kí ẹsẹ̀ ṣáájú, ẹ fi apá tukọ̀ lọ sí bèbè. Ẹ má gbìyànjú láti dìde dúró níbi tó ti ń sáré: ẹsẹ̀ lè há sáàárín òkúta, omi á sì tẹ orí mọ́lẹ̀.

Odò tó ń jáde láti ìsàlẹ̀ dáàmù máa ń tutù nini lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń jó bí iná. Ẹni tó bá fò sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà á mí kanlẹ̀ lójijì, omi á sì wọ̀ ọ́ nímú. Ẹ máa wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ọmọdé wọ ẹ̀wù amúniléfòó ní gbogbo ìgbà.

Òru

Ẹ kó oúnjẹ sínú ohun líle tó ní ìdérí. Eku àti ọ̀kẹ́rẹ́ á ya àpò tó dára nítorí èérún, nítorí náà ẹ kó gbogbo oúnjẹ kúrò nínú àpò ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì ṣí síìpù rẹ̀ sílẹ̀: kó wọlé, kó wò, kó jáde, dípò kó fi eyín ṣe ilẹ̀kùn.

Ẹ gbọn bàtà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ má ti ọwọ́ bọ ibi tí ojú kò rí. Tọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń tan iná aláwọ̀ àlùkò máa ń mú kí ara àkekèé tàn bí ewé tútù nínú òkùnkùn, ẹ fi wo àyíká àgọ́ kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ tún lè kábàámọ̀ pé ẹ wò ó. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, kó má rìn bí kò bá pọn dandan, ẹ má gé ojú ibi tó bù jẹ, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má dè é pinpin. Ẹ pe ìrànlọ́wọ́.

Bí omi bá dé

Ẹ̀ẹ̀kan ni òkúta funfun mi ṣe iṣẹ́ tí mo ń tìtorí rẹ̀ gbé e. Ìràwọ̀ kún ojú ọ̀run, kò sí ìkùukùu kan. Ní nǹkan bí agogo 9 alẹ́, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí etí omi, mi ò rí i. Mo rò pé ibòmíràn ni mo ń wò, títí mo fi rí i tó ń tàn fírífírí lábẹ́ omi tó ti jìn dé kókósẹ̀. A kó àgọ́ bó ṣe wà, a gun òkè. Ní òwúrọ̀, iyanrìn ibi tá a sùn sí tẹ́lẹ̀ tutù, ẹ̀ka igi kan tó gùn ju mí lọ sì dùbúlẹ̀ síbi tí ìrọ̀rí mi wà.

Ìyẹn rọra dé. Èyí tó ń sáré kì í fúnni ní wákàtí kan. Àmì rẹ̀ ni omi tó pọ́n lójijì, ìfófòó àti ẹ̀ka igi lójú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń ta òórùn ẹrẹ̀, tàbí ariwo bíi ti ọkọ̀ ńlá níbi tí kò ti sí títì. Ẹ gba bàtà, tọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀rọ ìpè, ẹ gun ọ̀nà tẹ́ ẹ ti rìn lọ́sàn-án. Ẹ fi àgọ́ sílẹ̀. Ẹ má lọ gbé mọ́tò. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1976, àgbàrá pa èèyàn tó ju 140 lọ ní Big Thompson Canyon, ní ìpínlẹ̀ Colorado. Lónìí, àkọlé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ibẹ̀ tó ń sọ fún awakọ̀ pé bí omi bá ń kún, kí wọ́n gun òkè. Bẹ́ ẹ bá dé òkè, ẹ dúró níbẹ̀. Ìgbì kejì lè tẹ̀ lé èkíní, ẹrù yín sì lè dúró di ojúmọ́.

Lọ́jọ́ ìpadàbọ̀, ẹ tú àgọ́ nínú òkùnkùn kùtù, kí òógùn yín lè jẹ́ ti ìgòkè nìkan. Ẹ hú àwọn àpò jáde, ẹ da iyanrìn wọn padà sínú ihò tẹ́ ẹ gbẹ́, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ. Ẹ kún gbogbo ìgò. Kẹ́ ẹ sì ju òkúta funfun náà sínú odò, kó má baà tan ẹlòmíràn jẹ nípa ibi tí omi mọ.